Ìfàyègba Gbogbo Ènìyàn Nínú Ẹ̀kọ́ Fisiotẹ́rápì

Èyí ni ètò tó ń mú kí tọkùnrin tobìnrin, aláwọ̀ dúdú, tálákà àti ẹni tó ní ìpèníjà ara láǹfààní láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, kí oníkálukú sì rí ìrànwọ́ tó yẹ ẹ́.

Ní Bìrìtéènì, nọ́ọ̀sì obìnrin mẹ́rin ló dá ẹgbẹ́ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1894. Ó di 1920 kí ọkùnrin tó di ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, St Dunstan's, ilé ìrànwọ́ fún afọ́jú tí Arthur Pearson dá sílẹ̀ ní 1915, kọ́ àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ ní iṣẹ́ ìfọwọ́ra, tó jẹ́ ara iṣẹ́ yìí. Ìka tí wọ́n fi ń ka ìwé Braille náà ni wọ́n fi ń wá iṣan tó le.

Ohun tí a ń kọ́ni náà ṣe pàtàkì. Lára aláwọ̀ dúdú, egbò ìdùbúlẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í sábà pọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kí ó lè mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó le ju àyíká rẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: gbogbo ọwọ́ ni iṣẹ́ ìwòsàn nílò.