The George Inn, Southwark

Ilé ọtí àti ilé èrò àtijọ́ ni The George Inn, ní Southwark, ìhà gúúsù odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Iná ọdún 1676 jó ilé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún un kọ́. Ẹwà rẹ̀ wà lára àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi tó nà gbọọrọ níwájú yàrá òkè, tó kọjú sí àgbàlá tí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin máa ń wọ̀ nígbà náà. Ilé ti yí àgbàlá yìí ká rí. Ní 1889, iléeṣẹ́ rélùwéè Great Northern wó ọ̀pọ̀ nínú wọn, apá gúúsù nìkan ló ṣẹ́ kù. Àdánù ńlá gbáà ni. Síbẹ̀, ilé èrò ọlọ́dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo tó kù ní Lọ́ńdọ̀nù nìyí. National Trust, àjọ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ló ni ín láti 1937.