Oògùn inú omi tí kì í pa ẹja, àmọ́ tó lè run ìran rẹ̀

Tí májèlé bá wọ odò, òkú ẹja a léfòó, gbogbo èèyàn a sì rí i. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kan wà tí kì í pa ẹja lójú ẹsẹ̀: ọmọ bíbí ló ń dí mọ́ ọn. EE2 ni wọ́n ń pè é. Èròjà obìnrin tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ni, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí à ń pè ní pilule.

Báwo ló ṣe ń dé odò? Ara obìnrin tó lo oògùn náà kì í lò ó tán. Apá kan a bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde. Ní àwọn ìlú tí omi ilé ìgbẹ́ ti ń gba inú páìpù lọ sódò, ibi tí wọ́n ti ń fọ omi náà kì í sábà mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ní 1998, Susan Jobling, John Sumpter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé, nínú àwọn odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba omi ìdọ̀tí ìlú, ọ̀pọ̀ akọ ẹja roach ló ní ẹyin nínú kórópọ̀n. Èròjà obìnrin tó wà nínú omi náà, ti ara àti ti oògùn, ni wọ́n fura sí.

Ní Kánádà, Karen Kidd àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá dán an wò. Láti 2001 dé 2003, wọ́n da EE2 sínú Adágún 260 ní Ontario, adágún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Ohun tó wà nínú omi náà ò ju nánógíráàmù 5 sí 6 lọ nínú lítà kan. Hóró oògùn kan tó ní máíkrógíráàmù 30 tó láti sọ ọgbọ̀n àgbá omi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 200, dà bẹ́ẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Akọ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà tí abo fi ń ṣe pupa ẹyin. Ẹyin tiẹ̀ yọ nínú kórópọ̀n àwọn kan. Fathead minnow, ẹja kékeré bí ìka ọwọ́, ló jìyà jù. Kì í pẹ́ láyé, torí náà nígbà tí kò rí ọmọ bí mọ́, ìran rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú adágún yẹn. Ẹja ńlá tó ń jẹ ẹ́ náà dínkù, torí oúnjẹ ò sí.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró, láàárín ọdún mélòó kan, ẹja kékeré náà tún pọ̀ padà.

Ẹ̀yin ìyá tó ń lo pilule, ẹ má tìtorí èyí dá a dúró. Ẹ̀bi yín kọ́. Àwọn aláṣẹ ìlú ló yẹ kó rí i pé omi ìdọ̀tí mọ́ kó tó dé odò. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni pé ká má ju oògùn tó ṣẹ́kù tàbí tó ti bàjẹ́ sínú odò, kànga tàbí ṣáláńgá. Ẹ bi àwọn ti fámásì tàbí ilé ìwòsàn bóyá wọ́n ń gbà á padà. Ẹ̀yin apẹja náà, tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹja wẹ́wẹ́ ò yọ mọ́, ẹ tètè sọ; ẹ má dúró de òkú ẹja.