Ta Ni Ó Ń Yan Iṣẹ́ fún Ọmọ Kí Ó Tó Dé Yunifásítì?

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Yorùbá, ìparí JSS3 ni wọ́n máa ń pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta: sáyẹ́ǹsì, áàtì, kọmáṣà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá ni wọ́n. Wọn á ní kí ọmọ yan èyí tí ó wù ú, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ nínú Ìṣirò ti yàn fún un, bàbá rẹ̀ sì ti yàn kí máàkì tó jáde. Ẹni tí wọ́n bá gbà pé ọpọlọ rẹ̀ pé, sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e, kọmáṣà. Ìyókù, áàtì. Láàárín ìyókù yìí ni Yorùbá wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí àwa.

A fẹ́ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe ọdún tí a wọ SS1 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a rí nínú ìtàn ni pé ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òkè ni ó máa ń pinnu ohun tí àwọn ti ìsàlẹ̀ yóò kọ́. Ohun tí ó bá béèrè ni ilé-ẹ̀kọ́ ń múra sí. Ohun tí kò bá béèrè, bó ti wù kí ó níyì tó, á di ẹ̀kọ́ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Ọdún 1859 ni Thomas Babington Macaulay, àna Àjàyí Crowther, bẹ̀rẹ̀ CMS Grammar School ní Èkó. Látìn àti Gíríkì wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní èdè Yorùbá. Crowther fúnra rẹ̀ sì ti tẹ ìwé lórí ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá láti 1843. Nítorí náà, kò sẹ́ni tí ó lè sọ pé èdè náà kò ní ìwé. Ó ní ìwé, ó ní ìwé ìròyìn. Ohun tí kò ní ni ìdánwò.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ ní 1882, tí wọ́n ń wo èsì ìdánwò kí wọ́n tó fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ ní owó ìrànwọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Wọn kò ka Yorùbá kún. Àwọn ọmọ Èkó kan bínú, wọ́n sì kọ ìbínú wọn sínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò olùkọ́ tí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìdánwò: kí ni yóò máa kọ́ ọmọ láàárọ̀ tí ojú ṣì mọ́lẹ̀ kedere?

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò Cambridge àti Matric ti London gbòde. Ìlú Ọba ni ìbéèrè ti ń wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń máàkì rẹ̀. Ó ní àsìkò tí ẹni tí ó bá fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì kò ní gba ìwé ẹ̀rí School Certificate rárá, ì báà ṣe dáadáa nínú gbogbo ìyókù. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jókòó sílé ní Nàìjíríà ni ó fi gba oyè B.Com. ti London ní 1944. Ìgboyà ńlá ni. Síbẹ̀, ohun tí London pàtẹ nìkan ni ó rí yàn.

University College, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ ní 1948 lábẹ́ University of London. Ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní Látìn àti Gíríkì wà níbẹ̀ láti ọdún náà. Ẹ̀ka Yorùbá kò sí, bẹ́ẹ̀ ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ti pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Wọlé Ṣóyínká wọ ibẹ̀ ní 1952. Gẹ̀ẹ́sì, Ìtàn àti Gíríkì ni ó kọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta, ní ìgboro Ìbàdàn, Gíríkì! (Kò kúkú ṣòfò: ó padà sọ eré Euripides kan di tirẹ̀ ní 1973.) Chinua Achebe wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé níbẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n torí rẹ̀ fún un ní owó ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ó kúrò níbẹ̀ lọ sí áàtì, owó náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni ẹbí rẹ̀ bá dìde sí i. JAMB kò tíì sí nígbà yẹn, àmọ́ owó ti mọ ibi tí ó ń lọ.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ Yorùbá jinlẹ̀ ńkọ́? Yóò wọkọ̀ òfuurufú. University of London ni Adébóyè Babalọlá ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìjálá. Edinburgh ni Ayọ̀ Bámgbóṣé ti gba tirẹ̀ lórí gírámà Yorùbá ní 1963. Ìwé àwọn méjèèjì jáde ní 1966, a ṣì ń kà wọ́n lónìí. Àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ni ó padà wálé tí wọ́n jẹ́ kí Yorùbá di ohun tí ènìyàn lè gba oyè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ní Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀. Bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe ṣí lókè, Yorùbá ní WASC àti HSC ní ìtumọ̀ mìíràn: ọmọ lè fi wọ yunifásítì.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tuntun méjì dé tẹ̀ léra wọn. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ gbé Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè jáde. Inú rẹ̀ ni ìpín 60 sí 40 ti wá: nínú ọgọ́rùn-ún àyè ní yunifásítì, ọgọ́ta ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì, áàtì àti ìyókù á pín ogójì. Ní 1978, wọ́n dá JAMB sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni dandan, iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn á sì bá ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́ mu. Ìwé pélébé tí ó ṣàlàyé mẹ́ta-mẹ́ta wọ̀nyí wá di ìwé tí àwọn òbí ń fojú sí jù. Dókítà: Físíìsì, Kẹ́mísìrì, Báyọ́lọ́jì. Lọ́yà: Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ má sí ńbẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀ka èdè, kò sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè Yorùbá ní dandan.

A kò bá ìjọba jà lórí 60 sí 40. Orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nílò ẹnjiníà. Ohun tí ó dùn wá ni bí nọ́ḿbà tí wọ́n ṣe nítorí àyè ní yunifásítì ṣe di òṣùwọ̀n ọpọlọ ọmọ ní JSS3. Ìwé ìlànà náà kò sọ pé olódo ni ọmọ áàtì. Àwa ni a túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lábẹ́ ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìwé ìlànà ṣì dáàbò bo èdè wa díẹ̀: èdè Nàìjíríà kan wà lára ohun tí gbogbo ọmọ SS yóò ṣe, ì báà jẹ́ sáyẹ́ǹsì tàbí kọmáṣà. Ní 2011 ni ààbò yẹn ká. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Civic Education àti iṣẹ́ ọwọ́ kan ni ó di dandan. Iṣẹ́ ọwọ́ 34 ni wọ́n kọ sílẹ̀, aṣọ rírẹ wà níbẹ̀, fọ́tò yíyà, ẹja sísìn, títún fóònù ṣe. Ó dára lórí ìwé. Nínú wa mẹ́fà tí a jọ kọ èyí, Data Processing tàbí Marketing ni gbogbo wa ṣe, torí kò gba agbada aró, kò gba odò ẹja. Kódà ẹni tí ó wá láti Abẹ́òkúta nínú wa, tí kò jìnnà sí ọjà àdìrẹ Ìtòkú, Marketing ni ó ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. WAEC kì í gbà ju iṣẹ́ 9 lọ. Ọmọ sáyẹ́ǹsì á ka dandan mẹ́rin, á fi Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì kún un. Ó di méje. Ó ku àyè méjì, Jọ́gíráfì, Ìmọ̀ Ọrọ̀-ajé, Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Further Mathematics sì ń du méjì náà. Ibo ni Yorùbá yóò jókòó sí? Kò sí ẹni tí ó fòfin de Yorùbá. Àyè ni kò sí.

Èyí ni ó fà á tí kíláàsì wa fi rí bí ó ṣe rí. Nínú wa mẹ́fà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Yorùbá sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Lọ́ọ̀yà ni mẹ́ta fẹ́ ṣe, Mass Communication ni méjì fẹ́. Yunifásítì ni ó gbé wa síbí. Inú wa dùn nísinsìnyí, a ti rí ewì, a ti rí fonọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ó ń gbé lórí ọmọ tí wọ́n já sílẹ̀ ní ibòmíràn kò lè fọkàn balẹ̀.

Ọdún 2025 tún mú tirẹ̀ wá. Ní oṣù kẹwàá, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ áàtì kò nílò kírẹ́dìtì nínú Ìṣirò mọ́ láti wọ yunifásítì. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n fagi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ wọn. Ìkéde àkọ́kọ́ lè mú kí àwọn tí ó ń wá sọ́dọ̀ wa pọ̀ sí i. Ti ìkejì, ọmọ tí ó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní lónìí ni yóò jẹ́ ká mọ̀ nígbà tí ó bá dé JSS3.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ṣe WASC tàbí HSC kí SSCE àkọ́kọ́ tó wáyé ní 1988, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí wa. A fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ẹni tí ó yàn án fún yín, àti bóyá Yorùbá wà lórí tímútébù yín láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án.