Ilé oko ní Texas tí kò sí HOA: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston àti àwọn ìlú tó yí i ká, bíi Katy, Richmond àti Pearland, kò ṣòro láti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ HOA ti sú. Òmíràn fẹ́ sin adìẹ àti ewúrẹ́. Òmíràn fẹ́ kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ilé fún ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ilé. Ohun tó kàn lọ́kàn wọn ni pé kí wọ́n ra ilé sí ìgbèríko, pẹ̀lú ilẹ̀ éékà márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

HOA ni ẹgbẹ́ onílé tó ń ṣàkóso ẹ̀sítéètì. Ẹ má fi wé ẹgbẹ́ lándíọ́ọ̀dù ti Èkó tàbí Ìbàdàn, tí èèyàn lè má yọjú sí ìpàdé rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí nǹkan kan má ṣe. Ti Amẹ́ríkà wà nínú ìwé ilé gan-an. Ẹni tó bá ti ra ilé níbẹ̀ ti di ọmọ ẹgbẹ́, ó fẹ́, ó kọ̀. Ní Texas, òfin kò gbà kí ẹgbẹ́ ta ilé èèyàn nítorí owó ìtanràn nìkan, àmọ́ tó bá jẹ́ owó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹ jẹ, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n sì ta ilé náà, kódà bó jẹ́ inú rẹ̀ lẹ̀ ń gbé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: "kò sí HOA" tí ajẹ́ńtì kọ síbi ìpolówó kò túmọ̀ sí "kò sí òfin". Lóòótọ́, bí ilẹ̀ bá ti jáde kúrò nínú ìlú ní Texas, kaúńtì kì í sábà ní agbára láti sọ pé ibí ni kí ẹ kọ́lé sí, ọ̀hún ni kí ẹ ti ṣòwò. Àmọ́ ẹni tó ni oko tẹ́lẹ̀, tó wá gé e sí éékà márùn-ún márùn-ún, lè ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ilé alágbèérìn wá, kò gbọdọ̀ kọ́ ju ilé kan lọ. Deed restriction ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ ló lẹ̀ mọ́, kì í ṣe èèyàn, nítorí náà ẹni tó bá rà á lẹ́yìn 20 ọdún náà lè ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sì dìgbà tí ẹgbẹ́ bá wà. Aládùúgbò kan ṣoṣo tí òfin yẹn dè pẹ̀lú yín lè gbé yín lọ sílé ẹjọ́.

Níbo lẹ ti máa rí i? Ọ́fíìsì akọ̀wé kaúńtì ni wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, iléeṣẹ́ tó ń ṣe title máa fún yín ní ìwé kan kí ẹ tó parí ọjà. Ẹ ṣí i sí Schedule B. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń tò síbẹ̀ ni àwọn òfin tó wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹ sọ pé kí wọ́n fún yín ní ìwé òfin ọ̀hún fúnra rẹ̀, kí ẹ kà á tán, tí kò bá yé yín, ẹ gbé e fún lọ́yà.

Ẹ ṣe gbogbo èyí láàárín option period. Owó díẹ̀ lẹ máa san fún olùtà kí ọjọ́ yìí lè wà nínú àdéhùn yín. Títí tí ọjọ́ náà á fi pé, ẹ lè yí ọkàn padà nítorí ohunkóhun, kí ẹ sì gba owó ìdánilójú tí ẹ fi sílẹ̀ padà. Tó bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ ti di òmíì.

Ẹni tí kò bá gbọ́ nípa éékà rí: éékà kan jẹ́ nǹkan bíi plọ́ọ̀tì mẹ́fà ti Èkó tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ sí 120 ẹsẹ̀. Éékà mẹ́wàá wá di plọ́ọ̀tì 60. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó gbà, nítorí koríko ń hù!

Omi àti sọ́kàwéè ń kọ́? Ibi púpọ̀ ní ìgbèríko, ẹ̀yin lẹ máa bójú tó o. Tí omi bá jẹ́ ti kànga, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò àìsàn tàbí nitrate wà nínú rẹ̀. Ní Texas, kànga gbọ́dọ̀ jìnnà tó 50 ẹsẹ̀ sí táǹkì ẹ̀gbin, àti 100 ẹsẹ̀ sí ibi tí omi rẹ̀ ti ń wọ ilẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ sọ́kàwéè náà ní kaúńtì. Iye yàrá tí wọ́n ṣe é fún máa wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti yàrá mẹ́ta, tí ẹ sì fẹ́ kọ́ méjì sí i fún màmá, ẹ ti mọ̀ pé owó mìíràn ń bọ̀.

Ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Tí kì í bá ṣe ti kaúńtì, ta ló ń tún un ṣe? Ṣé ìwé wà tó fún yín láṣẹ láti gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá?

Omíyalé kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn tó wà ní Houston nígbà Harvey lọ́dún 2017 kò nílò àlàyé. Inṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ti ìjọba sì sábà máa ń gba 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àyàfi tí ẹ bá rà á nítorí owó tí báńkì fẹ́ fi yá yín ra ilé. Máàpù FEMA wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó orí tí olùtà ń san lè kéré gan-an nítorí pé wọ́n ń kà á sí ilẹ̀ oko. Kì í bọ́ sọ́wọ́ yín fúnra rẹ̀. Ẹ máa tún béèrè fún un lórúkọ yín, ilẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ti jẹ́ oko fún ọdún 5 nínú 7 tó kọjá. Sísin oyin náà wọlé, tí ilẹ̀ bá wà láàárín éékà 5 sí 20. Àmọ́ tí ẹ bá fi ṣe nǹkan mìíràn tí kì í ṣe oko, wọ́n lè ka ìyàtọ̀ owó orí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lé yín lórí.

Ẹ tún béèrè ẹni tó ni epo tó wà nísàlẹ̀. Ní Texas, ẹnì kan lè ta ojú ilẹ̀ kó sì di abẹ́ rẹ̀ mú, ẹni tó ni abẹ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti lo ojú ilẹ̀ yín níwọ̀n tó bá yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Ní ti owó, ètò USDA wà fún ìgbèríko, tí kò béèrè owó ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní green card náà lè béèrè, tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ kò bá kọjá òṣùwọ̀n agbègbè náà. Ó gbọ́dọ̀ máa gbé inú ilé náà fúnra rẹ̀, kò sì ṣeé lò fún oko tí wọ́n fi ń pawó.