São Tomé àti Príncipe

São Tomé àti Príncipe jẹ́ orílẹ̀-èdè erékùṣù ní Áfríkà, nínú Òkun Àtìláńtíìkì, ní ìwọ̀-oòrùn Gàbọ̀n. Àwọn erékùṣù ńlá méjì tí orúkọ rẹ̀ dá lé lórí ni ó jẹ́ gbòógì ilẹ̀ rẹ̀. Ìlú São Tomé ni olú-ìlú rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Ìtàn

Kò sí ẹni tí ó ń gbé àwọn erékùṣù yìí nígbà tí àwọn atukọ̀ Pọ́túgàl gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1470. Àwọn ará Pọ́túgàl kó ẹrú wá láti Benin, Kóńgò àti Àǹgólà láti gbin ìrèké. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kọfí àti kòkó di irè oko pàtàkì ní àwọn oko ńlá tí wọ́n ń pè ní roça. Òfin fi òpin sí oko ẹrú ní 1875, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alágbàṣe tí wọ́n kó wá láti Àǹgólà kò padà sílé mọ́. Nítorí èyí, ní 1909, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Cadbury wà lára wọn, kọ̀ láti ra kòkó São Tomé.

Ní oṣù Kejì ọdún 1953, ìjọba amúnisìn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Batepá àti agbègbè rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fura pé wọ́n fẹ́ fi ipá mú wọn ṣiṣẹ́ oko. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì jẹ́ ọjọ́ ìrántí wọn lọ́dọọdún. Orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1975.

Èdè àti ìgbé-ayé

Èdè Potogí ni èdè ìjọba. Àwọn èdè Forro, Angolar àti Lung'ie mú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn láti inú Potogí, ṣùgbọ́n ipa èdè Ẹ̀dó àti àwọn èdè Kóńgò hàn nínú wọn. Àwọn àgbàlagbà díẹ̀ ní Príncipe ni ó ṣẹ́kù tí wọ́n ń sọ Lung'ie dáadáa. Oúnjẹ tí ó gbajúmọ̀ ni calulu, ọbẹ̀ ẹja tàbí adìẹ tí a fi epo pupa àti oríṣiríṣi ewé sè.

Àwọn ibi ìgbafẹ́

Igbó kìjikìji Obô ni Pico de São Tomé wà, òkè tí ó ga tó mítà 2,024. Òkúta Pico Cão Grande náà dúró ṣánṣán bí òpó láàrin igbó. Ìlà agbedeméjì ayé gba erékùṣù kékeré Rolas kọjá, àwọn ìjàpá òkun sì máa ń gòkè wá yé ẹyin sí etíkun lóru. Ní roça Sundy ní Príncipe, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, Arthur Eddington ya àwòrán ìràwọ̀ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, láti dán àbá Einstein wò.

Àwọn roça wà lára ohun tí àwọn àlejò máa ń wá wò jù lọ. Àwọn kan ti di ilé ìtura, Monte Café sì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọfí. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, àtọmọdọ́mọ àwọn alágbàṣe ṣì ń gbé inú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn baba ńlá wọn.