Ìfipòsílẹ̀ Patricia Etteh

Ìfipòsílẹ̀ Patricia Etteh wáyé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2007, nígbà tí Patricia Olúbùnmi Etteh, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ Agbẹnusọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin Nàìjíríà, kúrò ní ipò náà. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Ilé gbé kalẹ̀ ti sọ pé wọn kò tẹ̀lé ìlànà nígbà tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ àgbàṣe kan jáde. Ipò Agbẹnusọ nìkan ló fi sílẹ̀. Ó ṣì jẹ́ aṣojú títí di ọdún 2011.

Ìpìlẹ̀

Ọmọ Ìkirè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Etteh. Ó kọ́kọ́ wọ Ilé ní ọdún 1999 láti ṣojú ẹkùn Ayédáadé, Ìṣọ̀kan àti Irewọlé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú PDP, àwọn aṣojú yàn án ní Agbẹnusọ.

Ẹ̀sùn àti ìwádìí

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé Agbẹnusọ ti fọwọ́ sí ìnáwó mílíọ̀nù 628 náírà láti tún ilé ìjọba tí òun àti igbákejì rẹ̀ ń gbé ṣe, àti láti ra ọkọ̀ méjìlá. Etteh ní òun kò ṣe ohun tó lòdì. Ilé gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ David Idoko láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àbájáde wọn ni pé wọn kò tẹ̀lé ìlànà tó yẹ nínú gbígbé iṣẹ́ náà jáde.

Ìpè pé kí ó kúrò

Àwọn aṣojú tó ń jẹ́ Integrity Group, tí Farouk Lawan láti Kánò wà lára àwọn aṣáájú wọn, tẹnu mọ́ ọn pé kí Etteh fi ipò sílẹ̀. Àwọn mìíràn dúró tì í gbágbágbá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, ìjókòó Ilé di rúkèrúdò. Aminu Safana, aṣojú láti Ìpínlẹ̀ Katsina tó wà lẹ́yìn Etteh, ṣubú lulẹ̀, ó sì kú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá, Etteh àti igbákejì rẹ̀, Babangida Nguroje, kúrò nípò. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, wọ́n yan Diméjì Bánkọ́lé láti Ìpínlẹ̀ Ògùn rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Ìwé Òfin ọdún 1999 là sílẹ̀. Abala 50 fún àwọn aṣojú ní agbára láti yọ Agbẹnusọ wọn bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá fọwọ́ sí i, ìyẹn 240 nínú 360. Àga aṣojú fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Lábẹ́ abala 69, àwọn olùdìbò ẹkùn rẹ̀ lè pè é padà: ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn èyí ni àjọ elétò ìdìbò INEC yóò ṣètò ìdìbò láàárín 90 ọjọ́. Nítorí náà, olùdìbò ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tí àwọn àti Òṣogbo jọ wà ní ẹkùn kan, lè bu ẹnu àtẹ́ lu aṣojú Ìkirè, ṣùgbọ́n aṣojú ẹkùn tirẹ̀ nìkan ni ó ní agbára láti pè padà.

Agbára yìí kò rọrùn láti lò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà láti Ìwọ̀-oòrùn Kogí ní ọdún 2018, INEC rí i pé ìbuwọ́lù tó jẹ́rìí kò ju ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò lọ.

Àyọrísí

Ìgbà kejì nìyí tí Agbẹnusọ kúrò nípò lẹ́yìn ẹ̀sùn láti ọdún 1999. Salisu Buhari ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1999 lórí ayédèrú ìwé ẹ̀rí Yunifásítì Toronto àti irọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá Buhari lẹ́bi. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dárí jì í lẹ́yìn náà. Ti Etteh kò rí bẹ́ẹ̀: kò sí ilé-ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ilé fúnra rẹ̀ sì wẹ̀ ẹ́ mọ́ ní ọdún 2011, kí sáà náà tó parí. Farouk Lawan, tó ṣáájú ìpè náà, ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ní ọdún 2021 lórí rìbá tó jẹ mọ́ ìwádìí owó ìrànwọ́ epo rọ̀bì, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n.