Túndé Kèlání: Ọkùnrin Ẹ̀yìn Kámẹ́rà

Bí fíìmù bá dùn, òṣèré ni gbogbo ènìyàn máa ń kan sáárá sí. Tọmọdé tàgbà ló mọ Bàbá Sàlá àti Adé Love. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé kámẹ́rà? Ta ni ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá, tí ojú ọba fi le, tí ojú ìyàwó fi tutù? Ẹni náà kì í yọjú sí agbo. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn Túndé Kèlání.

Ọdún 1948 ni wọ́n bí i ní Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta ni ó dàgbà sí. Níbẹ̀ ni ó ti ka ìwé Fágúnwà, tí ó sì wo eré àwọn òṣèré alárìnjó. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn fọ́tò yíyà. Ó ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, lẹ́yìn náà ni ó lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní èdè Lárúbáwá mọ orúkọ Ibn al-Haytham, ọmọ Basra, tí ó kọ Kitāb al-Manāẓir ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Yàrá dúdú àti ihò kékeré ni ó fi wádìí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn. Yàrá dúdú oníhò náà ni kámẹ́rà títí di òní. Ẹni tí ó mọ ìmọ́lẹ̀ ni ó mọ iṣẹ́ náà.

Kèlání ni ó ya Aníkúrá, Ogun Àjàyè, Ìyá Ni Wúrà, Ìwà, àti Taxi Driver ti Adé Love ní 1983. Fíìmù ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí a lè pa rẹ́ kí a tún un yà. Owó ni ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Ayàwòrán kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun dára àfi ìgbà tí ó bá padà dé.

Ewu mìíràn tún wà. Ọmọ iléèwé ni mo jẹ́ ní Iléṣà nígbà tí Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tiwa, jáde ní 1982. Èrò kò gbẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olè jí fíìmù náà dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè ni ó kù fún ẹni tí ó ṣe é.

Nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, fíìmù wọ́n ju ohun tí ọwọ́ lè tó lọ. Kèlání kò káwọ́ gbera. Ó gba kámẹ́rà fídíò tí àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ó dá Mainframe sílẹ̀, ó sì gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993. Lẹ́yìn èyí ni ó mú iṣẹ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá wọ fíìmù: Kòṣeégbé, ìtàn ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tí kò gba rìbá, ní 1995, àti Ó Le Kú ní 1997. Bí ó ṣe ya ìró àti bùbá kúkúrú nínú Ó Le Kú, àwọn obìnrin tún padà ń rán an, wọ́n sì sọ ọ́ ní oléku! Nínú Ṣaworoidẹ ti 1999, Kólá Oyèwọ, tí ó kọ́ eré lọ́dọ̀ Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo, ni ó ṣe Ọba Lápité. Ní 2008, ó ya Arugbá, ìtàn ọmọbìnrin yunifásítì kan tí yóò ru igbá ọdún, èyí tí ó bá ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo tan.

Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó ń ya ìtàn àwọn ẹlòmíràn ni ó di olùtọ́jú ìtàn wa. Àwọn tí kò ka ìwé Ìṣọ̀lá rí mọ Lápité. Síbẹ̀, àwọn olè kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ fíìmù ayé ọjọ́un ni a kò sì rí mọ́. Ẹni tí ó bá mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Ẹ má ra ẹrù olè. Bí fíìmù bá sì parí, ẹ jókòó díẹ̀ sí i, kí ẹ ka orúkọ ẹni tí ó gbé kámẹ́rà.